Orí Keje: Wíwọn Ipa Iṣẹ́ Ìwakùsà Lórí Ewéko Tó Wà Nínú Ewu Àkúrun

Èròńgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

1. ṣàlàyé ohun tó ń sọ ewéko di èyí tó wà nínú ewu àkúrun, kí ó sì dárúkọ ìpele ewu mẹ́ta;
2. fi ìyàtọ̀ sáàárín ipa tààrà, ipa ẹ̀yìn àti ipa àkójọ;
3. ṣírò iye ewéko tó wà lórí ilẹ̀ kan pẹ̀lú férémù onígun mẹ́rin;
4. to ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí a fi ń wọn ipa ìwakùsà lẹ́sẹẹsẹ;
5. fi àtẹ̀gùn ìdènà yẹ ètò iléeṣẹ́ awakùsà kan wò;
6. sọ ohun tí òfin Nàìjíríà béèrè kí ìwakùsà ńlá tó bẹ̀rẹ̀.

7.1 Ìfáárà

Bí katapílà bá wọ igbó, ẹtu á sá, ẹyẹ á fò, ọ̀kẹ́rẹ́ á wá igi mìíràn gùn. Ewéko kò ní ẹsẹ̀. Ibi tí irúgbìn rẹ̀ bọ́ sí ni yóò ti hù, ibẹ̀ náà ni yóò sì kú sí. Ìdí nìyí tí wíwọn ipa iṣẹ́ kan lórí ewéko fi yàtọ̀ sí wíwọn ipa rẹ̀ lórí ẹranko.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé: ewéko mélòó ni wọn yóò hú? Ìbéèrè yìí tọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó. Ewéko tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn lè gbẹ bí omi tó ń fà bá yí ọ̀nà padà. Ó lè máa tanná lọ́dọọdún láìso bí kòkòrò tó ń bẹ òdòdó rẹ̀ wò kò bá wá mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni orí yìí yóò máa dáhùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ewéko mélòó ni iṣẹ́ náà yóò hú, kí sì ni yóò gbà lọ́wọ́ àwọn tó bá kù?

7.2 Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì

Ewéko tó wà nínú ewu àkúrun ni ẹ̀yà ewéko tí iye rẹ̀ tàbí ilẹ̀ tó ń hù sí ti dín kù, tàbí tó kéré láti ìbẹ̀rẹ̀, débi pé ó lè pa rẹ́ láyé bí ohun tó ń ṣe é kò bá dáwọ́ dúró.

Ewéko onílé-kan ni ẹ̀yà tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé àfi ní agbègbè kan ṣoṣo.

Ibùgbé ewéko ni gbogbo ohun tó ń gbé ẹ̀mí ewéko ró níbi tó wà: erùpẹ̀, omi, oòrùn, kòkòrò, àti àlàfo tí irúgbìn rẹ̀ lè bọ́ sí.

Ibùgbé abẹ́-òfin ni apá ibùgbé tí ìjọba ti fi ààlà sí lórí máàpù pé ó ṣe kókó fún ìwàláàyè ẹ̀yà kan. Ó lè tóbi ju ibi tí ewéko náà dúró sí gan-an lọ.

Àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ni ìwádìí tí a ń ṣe kí iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀, láti mọ ohun tí iṣẹ́ náà yóò ṣe sí ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́, ohun ẹlẹ́mìí àti àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ ni àkọsílẹ̀ bí ibì kan ti rí kí iṣẹ́ tó dé ibẹ̀. Òun la ó máa fi wé gbogbo ìyípadà tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ipa tààrà ni èyí tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, bíi kí katapílà hú ewéko. Ipa ẹ̀yìn ni èyí tó gba ọ̀nà mìíràn dé, bíi kí eruku bo ewé. Ipa àkójọ ni àpapọ̀ ipa iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ti àwọn iṣẹ́ àti ewu mìíràn tó ti wà ní agbègbè náà tàbí tó ń bọ̀.

Àtẹ̀gùn ìdènà ni ètò ìgbésẹ̀ mẹ́rin tí a fi ń dín ipa kù. A kì í fò lé èyí tó wà lókè láìtíì tẹ èyí tó wà nísàlẹ̀.

7.3 Ìpele ewu

Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ohun ìṣẹ̀dá, IUCN, ni ó ń ṣe Àkọsílẹ̀ Pupa, níbi tí a ti ń pín àwọn ẹ̀yà sí ìpele gẹ́gẹ́ bí ewu wọn ti tó. Ìpele mẹ́ta ni a ń pè ní ewu àkúrun. Nínú ìwé yìí, a ó pè wọ́n ní Ẹlẹgẹ́, Inú Ewu àti Etí Ìparun. Àtẹ 7.1 fi díẹ̀ hàn nínú òṣùwọ̀n tí àjọ náà ń lò.

Àtẹ 7.1: Díẹ̀ nínú òṣùwọ̀n ìpele ewu

| Òṣùwọ̀n | Ẹlẹgẹ́ | Inú Ewu | Etí Ìparun |
|---|---|---|---|
| Ìdínkù iye láàárín ọdún 10 tàbí ìran mẹ́ta, èyí tó bá gùn jù, bí ohun tó fà á kò bá tíì dáwọ́ dúró | 30% ó kéré tán | 50% ó kéré tán | 80% ó kéré tán |
| Ilẹ̀ tí ẹ̀yà náà gbà | kò tó 2,000 km² | kò tó 500 km² | kò tó 10 km² |
| Iye àwọn tó ti dàgbà tó láti so | kò tó 1,000 | kò tó 250 | kò tó 50 |

Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì. Àkọ́kọ́, kí ilẹ̀ kéré nìkan kò tó láti gbé ẹ̀yà sí ìpele kan lábẹ́ òṣùwọ̀n kejì. A tún gbọ́dọ̀ rí àwọn àmì mìíràn, bíi pé ó ń dín kù síwájú sí i, tàbí pé ibi tó wà ti já sí kéékèèké. Èkejì, àpótí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 2 ni a fi ń ka ilẹ̀ náà lórí máàpù, kí àwọn olùwádìí ibi gbogbo lè máa lo òṣùwọ̀n kan náà.

Àpẹẹrẹ tó wà nítòsí wa ni igi apá, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ *Afzelia africana*. Ó wà káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, síbẹ̀ ó wà ní ìpele Ẹlẹgẹ́, nítorí pé àwọn agégẹdú ń gé e fún pákó, àwọn darandaran sì ń gé ẹ̀ka rẹ̀ fún màlúù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yà tí ilẹ̀ rẹ̀ gbòòrò lè wà nínú ewu, ẹ̀yà tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré náà sì lè wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ewu gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì kò dọ́gba.

7.4 Àpẹẹrẹ ńlá: ewéko Tiehm ní Rhyolite Ridge

*7.4.1 Ewéko náà*

Ní ọdún 1983, onímọ̀ ewéko kan tó ń jẹ́ Arnold Tiehm rí ewéko kékeré kan ní aṣálẹ̀ ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1985, James Reveal kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀, ó sì fi orúkọ ẹni tó rí i sọ ọ́: *Eriogonum tiehmii*. A ó máa pè é ní ewéko Tiehm.

Kò ga. Ewé rẹ̀ dà bí eérú tó fara jọ àwọ̀ aró díẹ̀, ó sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní kékeré. Ní oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, ó máa ń yọ igi òdòdó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ewé lára, orí rẹ̀ á sì rí roboto bí òwú tí wọ́n fi omi ìyeyè rẹ díẹ̀. Oyin, agbọ́n, eṣinṣin àti kòkòrò eléèpo líle ló máa ń bẹ̀ ẹ́ wò.

Ewéko onílé-kan ni. Gbogbo èyí tó wà láyé wà ní Rhyolite Ridge, lórí àwọn òkè Silver Peak ní Esmeralda County. Ó pín sí ọ̀wọ́ mẹ́jọ, àpapọ̀ ilẹ̀ tí gbogbo wọn sì dúró lé jẹ́ nǹkan bí éékà 10, ìyẹn hẹ́kítà 4. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí mọ̀ pé éékà 10 kò ju bíi plọ́ọ̀tì 60 lọ. Nígbà tí wọ́n kà á ní ọdún 2019, ó lé ní 43,000.

*7.4.2 Ìwakùsà náà*

Erùpẹ̀ ibẹ̀ kún fún lítíọ̀mù àti bórọ̀nù, àwọn ewéko mìíràn kì í sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ewéko Tiehm mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n lítíọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe bátìrì ọkọ̀ oníná, bórọ̀nù sì wúlò fún ṣíṣe gíláàsì àti tánganran. Iléeṣẹ́ Ioneer láti Ọsirélíà fẹ́ wa kòtò ńlá síbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣírò pé lítíọ̀mù tí yóò ti ibẹ̀ jáde lọ́dún kan lè tó fún bátìrì ọkọ̀ oníná tó sún mọ́ 370,000. Ohun tí ewéko náà ń gbé lé gan-an ni iléeṣẹ́ ń wá, kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣèèṣì pàdé.

*7.4.3 Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ*

- 2019: Ẹgbẹ́ Center for Biological Diversity kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n fi òfin dáàbò bo ewéko náà.
- 2020: Ó lé ní 17,000 ewéko tó bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan (wo 7.6).
- 2022: Iléeṣẹ́ náà tún ètò rẹ̀ ṣe kí kòtò má bàa kan ọ̀wọ́ ewéko kankan. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹja àti ohun ẹlẹ́mìí inú ìgbẹ́ kéde pé ewéko Tiehm wà nínú ewu àkúrun lábẹ́ òfin ọdún 1973 tó ń dáàbò bo irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ya éékà 910 sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùgbé abẹ́-òfin.
- 2024: Ní oṣù kẹwàá, àjọ tó ń mójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Kí oṣù náà tó parí, Center for Biological Diversity àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́.

Éékà 10 ni ewéko gbà, éékà 910 ni òfin yà sọ́tọ̀. Ìdí ìyàtọ̀ yìí ni pé wọ́n fi mítà 500 kún ilẹ̀ yí ọ̀wọ́ ewéko ká, nítorí àwọn kòkòrò tó ń bẹ òdòdó wò. Kòkòrò kì í gbé inú òdòdó. Ibòmíràn ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń wá.

7.5 Ìgbésẹ̀ mẹ́fà nínú wíwọn ipa

*Ìgbésẹ̀ 1: Ka ohun tó wà nílẹ̀*

Àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé, bí ó bá wọ́, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ á wọ́. Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ lọ ní àkókò tí ewéko ń tanná, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ló jọra bí kò bá sí òdòdó. Ó tún yẹ kí ó lọ ju ọdún kan lọ, nítorí pé ọdún òjò àti ọdún ọ̀dá kì í dọ́gba.

Bí ewéko bá kéré níye, a lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá pọ̀, a máa ń lo férémù onígun mẹ́rin. A ó gbé férémù tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mítà 1 kalẹ̀ ní ibi púpọ̀ tí a kò fi ojú yàn, a ó ka ewéko tó wà nínú rẹ̀, a ó sì ṣírò.

*Àpẹẹrẹ ìṣirò.* Jẹ́ ká sọ pé ilẹ̀ kan jẹ́ 5,000 m². A gbé férémù 1 m² kalẹ̀ ní ìgbà 20, a sì ka ewéko 46 lápapọ̀.

Ìpíndọ́gba = 46 ÷ 20 = 2.3 fún 1 m²

Àfojúbù iye = 2.3 × 5,000 = 11,500

Àfojúbù ni èyí, kì í ṣe iye gan-an. Bí ẹni tó ń gbé férémù bá ń wá ibi tí ewéko ti pọ̀ kó tó gbé e kalẹ̀, èsì yóò ga ju bó ti yẹ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ń fi nọ́ńbà ṣẹ́ kèké ibi tí férémù yóò bọ́ sí.

*Ìgbésẹ̀ 2: Mọ ohun tí ewéko gbójú lé*

Níbí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè kejì. A gbọ́dọ̀ mọ irú erùpẹ̀ tó ń hù sí, ibi tí omi rẹ̀ ti ń wá, kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ kiri, bí irúgbìn rẹ̀ ṣe ń tàn, iye ọdún tó ń lò kó tó so, àti ẹranko tó ń jẹ ẹ́. Bí ewéko bá jẹ́ èyí tí erùpẹ̀ kan ṣoṣo bá lára mu, bíi ewéko Tiehm, ilẹ̀ tí a lè lọ tún un gbìn sí kò lè pọ̀.

*Ìgbésẹ̀ 3: To iṣẹ́ àti ipa pọ̀*

Ìwakùsà kì í ṣe kòtò nìkan. A ó to gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀, a ó sì bi ara wa léèrè ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Àtẹ 7.2: Iṣẹ́ inú ìwakùsà àti ipa wọn

| Iṣẹ́ | Ohun tó lè ṣe sí ewéko | Irú ipa |
|---|---|---|
| Wíwa kòtò | Ó hú ewéko àti irúgbìn tó sùn sínú ilẹ̀ | Tààrà |
| Kíkó òkìtì erùpẹ̀ àti òkúta jọ | Ó bo ibùgbé mọ́lẹ̀ | Tààrà |
| Ọ̀nà ọkọ̀ akẹ́rù | Eruku bo ewé, oòrùn kò sì ríbi wọlé dáadáa | Ẹ̀yìn |
| Yíyí ojú ọ̀nà omi òjò padà | Ilẹ̀ gbẹ tàbí kí ó wẹ̀ lọ | Ẹ̀yìn |
| Híhó koríko àyíká kúrò | Ilé àwọn kòkòrò tó ń bẹ òdòdó wò bà jẹ́ | Ẹ̀yìn |
| Táyà ọkọ̀ tó ti ibòmíràn wá | Ó kó irúgbìn èpò àjèjì wọlé | Ẹ̀yìn |
| Ìwakùsà pẹ̀lú ọ̀dá àti ẹranko ajewéko | Ewu kan di méjì, méjì di mẹ́ta | Àkójọ |

*Ìgbésẹ̀ 4: Wọn bí ipa ṣe tó*

Ohun mẹ́rin la fi ń wọn ipa kọ̀ọ̀kan: bí ó ṣe gbòòrò tó, bí yóò ṣe pẹ́ tó, bóyá ó ṣeé tún ṣe, àti bí ó ṣe dájú tó pé yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè méjèèjì yẹ ètò ọdún 2024 ti Rhyolite Ridge wò. Ewéko mélòó ni kòtò yóò hú? Lórí ìwé, kò sí, nítorí pé ètò náà yẹra fún ọ̀wọ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kí ni yóò gbà lọ́wọ́ àwọn tó kù? Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ibùgbé abẹ́-òfin ni iṣẹ́ náà yóò kàn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ jẹ́ òdo, ìdáhùn kejì kì í ṣe òdo. Orí ìdáhùn kejì yìí ni àríyànjiyàn dúró sí. Àjọ ìjọba tó ń rí sí ohun ẹlẹ́mìí inú ìgbẹ́ parí èrò pé iṣẹ́ náà kò ní wu ìwàláàyè ẹ̀yà náà léwu, kò sì ní ba ibùgbé abẹ́-òfin jẹ́ dé ìwọ̀n tí òfin kọ̀. Àwọn tó lọ sí ilé ẹjọ́ ní tiwọn sọ pé pípàdánù ilẹ̀ náà yóò tì í sún mọ́ àkúrun. Akẹ́kọ̀ọ́ ní láti kíyè sí i pé ìhà méjèèjì ń wo máàpù kan náà.

*Ìgbésẹ̀ 5: Gun àtẹ̀gùn ìdènà*

1. Yíyẹra. Gbé kòtò, ọ̀nà tàbí òkìtì kúrò níbi tí ewéko wà. Ìgbésẹ̀ yìí ló dájú jù. Ètò tuntun tí Ioneer ṣe ní ọdún 2022 wà ní ìpele yìí ní ti ewéko fúnra rẹ̀.
2. Dídín kù. Wọ́n omi sí ojú ọ̀nà kí eruku má pọ̀, ṣe ọgbà yí ewéko ká, dín eré ọkọ̀ kù, fọ táyà kí ọkọ̀ tó wọlé.
3. Títún ṣe. Dá erùpẹ̀ padà, kí a sì gbin ewéko sí i lẹ́yìn iṣẹ́. Ioneer ti ń gbin ewéko Tiehm sínú ilé ọ̀gbìn. Kí ewéko yè nínú ìkòkò tí ènìyàn ń bomi rin yàtọ̀ sí kí ó yè ní aṣálẹ̀, kí ó tanná, kí ó so, kí ọmọ rẹ̀ náà sì so. Ìgbà tí ìran kejì bá dúró láìsí ìrànlọ́wọ́ la tó lè sọ pé títún ṣe yọrí.
4. Fífi òmíràn dípò. Dáàbò bo ilẹ̀ mìíràn tí ẹ̀yà náà wà nítorí èyí tó bà jẹ́. Ìpele yìí ni ó le jù fún ewéko onílé-kan, nítorí pé kò sí ilẹ̀ mìíràn tó wà.

*Ìgbésẹ̀ 6: Máa ṣọ́ ọ*

Ìwé àyẹ̀wò kì í parí ọ̀rọ̀. A gbọ́dọ̀ sàmì sí àwọn abala ilẹ̀ kan, tí a ó pè ní ojúlé, kí a máa ka ewéko inú wọn lọ́dọọdún ní oṣù kan náà, kí a sì tún ní ojúlé mìíràn tó jìnnà sí ìwakùsà tí a ó máa fi wé e. Bí méjèèjì bá dín kù bákan náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dá. Bí èyí tó wà lẹ́bàá kòtò nìkan bá dín kù, ó yẹ kí a wo kòtò. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí iye ewéko bá já wálẹ̀ dé ibi báyìí, iṣẹ́ báyìí yóò dúró.

7.6 Ta ló hú u? Ẹ̀kọ́ ọdún 2020

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, àwọn tó lọ sí Rhyolite Ridge bá ihò kéékèèké nílẹ̀ níbi tí ewéko Tiehm wà tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò ti gé, ewé gbígbẹ fọ́n ká. Ó lé ní 17,000 tó bà jẹ́. Center for Biological Diversity kọ́kọ́ gbà pé ọwọ́ ènìyàn ni. Iléeṣẹ́ náà ní ẹranko ni.

Àjọ ìjọba kó gbòǹgbò tó gé, erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹranko tó wà nítòsí, wọ́n sì yẹ DNA inú wọn wò. Èsì tí wọ́n kéde lóṣù kejìlá tọ́ka sí àwọn ẹranko kéékèèké ìdílé eku àti ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀dá mú lọ́dún náà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ omi inú gbòǹgbò ni wọ́n ń wá.

Ohun mẹ́ta ni olùwádìí lè rí kọ́ nínú èyí:

- Bíbà jẹ́ ni a rí, a kò rí ẹni tó bà á jẹ́. A kì í kọ ohun tó fà á sínú ìwé àyẹ̀wò títí tí ẹ̀rí yóò fi dé.
- Ewéko tí kò gbà ju éékà 10 lọ lè pàdánù bí ìdá méjì nínú márùn-ún láàárín ìgbà kúkúrú láìsí katapílà kankan (17,000 ÷ 43,000 jẹ́ nǹkan bí 40%).
- Pé ẹranko ló jẹ ẹ́ kò mú ọ̀rọ̀ ìwakùsà kúrò nílẹ̀. Ó fi kún un. Ẹ̀yà tó ti pàdánù báyìí kò ní agbára púpọ̀ láti fara da ìyà mìíràn. Èyí ni ìtumọ̀ ipa àkójọ.

7.7 Òfin àti ìṣe ní Nàìjíríà

Òfin Àyẹ̀wò Ipa Lórí Àyíká ti ọdún 1992 ló de iṣẹ́ ńlá ní Nàìjíríà. Ìwakùsà ní ilẹ̀ tuntun tí ìwé àṣẹ rẹ̀ bá ju hẹ́kítà 250 lọ wà lára iṣẹ́ tí òfin náà sọ pé kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò kíkún. Òfin Àlùmọ́ọ́nì àti Ìwakùsà ti ọdún 2007 tún béèrè pé kí iléeṣẹ́ ṣe àyẹ̀wò yìí, kí ó sì ní àdéhùn ìdàgbàsókè pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó ni ilẹ̀.

Ẹ̀kọ́ Nevada kan ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́, wọ́n ń wa lítíọ̀mù ní àwọn apá kan ní Ọ̀yọ́, Èkìtì àti Kwara, wọ́n sì ti ń wa wúrà ní agbègbè Iléṣà tipẹ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí jẹ́ ti awakùsà kéékèèké. Kòtò kan lè kéré débi tí òfin hẹ́kítà 250 kò kàn án rárá, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún kòtò ní etí odò kan náà kì í ṣe kékeré mọ́. Ipa àkójọ nìkan ló lè fi èyí hàn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tó sọ iye igi apá tàbí ọ̀gánwó tó wà nínú igbó kan, àwọn tó mọ igbó náà ṣì wà: ọdẹ, àgbẹ̀, ẹlẹ́wé ọmọ, lẹ́kulẹ́ja. Ẹni tó ń já ewé tà mọ ewé tó ti ń wọ́n, ó sì mọ ibi tó ti ń já a nígbà kan tí kò ti rí i já mọ́. Olùwádìí ní láti bá wọn rìn débẹ̀, kí ó ka ohun tó rí, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi. Ìmọ̀ wọn ń júwe ibi tí férémù yẹ kó dé, kò rọ́pò férémù.

7.8 Àkótán

- Ewéko kò lè sá. Nítorí náà, ohun tó yí i ká jẹ́ apá kan nínú àyẹ̀wò rẹ̀.
- IUCN ní ìpele ewu àkúrun mẹ́ta, wọ́n sì ń wo ìdínkù iye, ilẹ̀ tó gbà àti iye àwọn tó ti dàgbà.
- Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni: kà, mọ ìgbé ayé rẹ̀, to iṣẹ́ àti ipa pọ̀, wọn ipa, gun àtẹ̀gùn ìdènà, máa ṣọ́ ọ.
- Ìpele mẹ́rin àtẹ̀gùn ìdènà ni yíyẹra, dídín kù, títún ṣe àti fífi òmíràn dípò. Èyí tó gbẹ̀yìn ṣòro fún ewéko onílé-kan.
- Ní Rhyolite Ridge, ètò tí kò hú ewéko kankan ṣì kan nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ibùgbé abẹ́-òfin. Èyí fi hàn pé ìbéèrè méjì ló wà, a sì gbọ́dọ̀ dáhùn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.
- A kì í dárúkọ ohun tó fa ìbàjẹ́ kí ẹ̀rí tó dé.

7.9 Ìdánrawò

*Apá A: Yan ìdáhùn tó tọ́*

1. Èwo nínú ìwọ̀nyí ni ipa ẹ̀yìn?
 (a) katapílà hú ewéko (b) òkìtì erùpẹ̀ bo ewéko (d) eruku ọ̀nà bo ewé (e) kòtò gbé irúgbìn inú ilẹ̀ lọ
2. Ìgbésẹ̀ wo ló kọ́kọ́ wà lórí àtẹ̀gùn ìdènà?
 (a) títún ṣe (b) yíyẹra (d) fífi òmíràn dípò (e) dídín kù
3. Kí ló mú kí ibùgbé abẹ́-òfin ewéko Tiehm tóbi ju ilẹ̀ tó dúró lé lọ?
 (a) iye owó ilẹ̀ (b) ojú ọ̀nà ọkọ̀ (d) àwọn kòkòrò tó ń bẹ òdòdó wò (e) ààlà ìpínlẹ̀

*Apá B: Dáhùn ní ṣókí*

4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ewéko onílé-kan àti ewéko tó wà nínú ewu àkúrun? Ṣé ewéko lè jẹ́ ọ̀kan láìjẹ́ èkejì? Fi igi apá ṣe àpẹẹrẹ.
5. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí olùwádìí yan ibi tí yóò gbé férémù sí pẹ̀lú ojú.
6. Kí ni ìwúlò ojúlé tó jìnnà sí ìwakùsà nínú ìgbésẹ̀ kẹfà?

*Apá C: Ìṣirò*

7. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ 8,000 m², wọ́n gbé férémù 1 m² kalẹ̀ ní ìgbà 25, wọ́n sì ka ewéko 40. Ṣírò àfojúbù iye ewéko tó wà lórí ilẹ̀ náà.
8. Jẹ́ ká sọ pé igi apá 120 wà lórí òkè kan tí iléeṣẹ́ kan fẹ́ wà. Igi 30 wà nínú kòtò, eruku ọ̀nà yóò sì dé ara igi 45 mìíràn.
 (a) Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ipa tààrà yóò kàn?
 (b) Ìdá mélòó ni ipa tààrà àti ipa ẹ̀yìn yóò kàn lápapọ̀?
 (d) Iléeṣẹ́ náà kọ sínú ìwé rẹ̀ pé igi 30 péré ni iṣẹ́ òun yóò kàn. Sọ ìbéèrè tí ìwé náà kò dáhùn.

*Apá D: Àròkọ àti iṣẹ́ ìta*

9. Fi àtẹ̀gùn ìdènà yẹ iṣẹ́ inú ìbéèrè 8 wò. Dá ìgbésẹ̀ kan ó kéré tán fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kí o sì sọ èyí tó dájú jù àti ìdí rẹ̀.
10. Pẹ̀lú olùkọ́ yín, ẹ yan ewéko kan tó wà ní àyíká ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi igi mẹ́rin àti okùn ṣe férémù 1 m², ẹ gbé e kalẹ̀ ní ìgbà 10, kí ẹ sì ṣírò iye rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi àgbàlagbà kan ní àdúgbò léèrè bí ewéko náà ṣe pọ̀ tó nígbà èwe rẹ̀. Ẹ kọ èsì méjèèjì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn tí èkejì kò lè fi hàn.